Kétu Wó, Orin Rẹ̀ Kò Wó

Ní ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Kristi, àwọn ọmọ ogun Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù, níbi tí àwọn Júù ti ń rúbọ. Síbẹ̀, àwọn Júù tó wà lẹ́yìn odi kò sọ ara wọn nù: wọ́n di Òfin mú, wọ́n pa ọjọ́ Ìsinmi mọ́, wọ́n sì ń kọjú sí Jerúsálẹ́mù bí wọ́n bá ń gbàdúrà.

Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí àwa ará Pobè àti Sakété. Ní 1886, ogun Dáhòmì pa Kétu, aládùúgbò wa, run. Wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ti tà sí Bàhíà ní ilẹ̀ Brasil ṣáájú ti gbé orúkọ ìlú náà dání. Títí di òní, àwọn ilé òrìṣà Kétu ní Salvador ń kọrin sí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní èdè Yorùbá, bí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ lè fi èdè náà sọ̀rọ̀ mọ́.

A tún Kétu kọ́, ṣùgbọ́n ìsìn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ti dínkù púpọ̀ nílé. Àwọn tó lọ pa orin mọ́. Àwa tó kù pa èdè mọ́. Bí ọmọ wa bá fi èdè sílẹ̀ nítorí Faransé, tí ará Bàhíà sì délé tó dá orin, ta ni yóò gbè é?