Bí a ṣe ń fi àmì orí sí fídíò DVD kí ó bọ́ sí ojú ibi tí ó yẹ

Kò sí ẹni tí ó ń wá orí kẹrin nínú ìwé tí yóò máa ṣí i láti ojú-ewé àkọ́kọ́. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú díìsì DVD, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde fún títà ní orílẹ̀-èdè Japan ní ọdún 1996. A lè pín fídíò tí ó wà nínú rẹ̀ sí orí-orí, kí ẹni tí ń wò ó lè tẹ bọ́tìnì, kí ó sì bọ́ sí ibi tí ó fẹ́ ní wàrà. Orí 99 ni ó pọ̀ jù tí àkọlé kan lè ní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ díìsì ni àmì orí wọn kì í bọ́ sí ojú ibi tí ẹni tí ó ṣe é fẹ́. Kí ni ó fà á, kí sì ni ọ̀nà àbáyọ?

Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún Ẹ̀pà ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú Ọ̀sì ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, àti Odò-Ọ̀wá tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ pẹ̀lú Ìlọ́fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, kì í ṣe àjèjì nínú iṣẹ́ ọnà yìí. Ọ̀sì ni ìlú Àréògún, ọ̀gá agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1954. Odò-Ọ̀wá ni Bámigbóyè ti ṣiṣẹ́, ẹni tí ilé ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2022. Àwọn méjèèjì gbẹ́ ère Ẹ̀pà, àwọn mìíràn lára irú ère bẹ́ẹ̀ sì wúwo ju 20 kìlógíráàmù lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ẹni tí ó gbé ère náà rù gbọ́dọ̀ fò gun orí òkìtì ilẹ̀. Bí ó bá fò ó láìsí ìṣubú, àmì rere ni fún ọdún tí ń bọ̀. Fífò yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Bí àmì orí bá pẹ́ ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré, ẹni tí ń wò ó yóò kàn rí i pé ère ti wà lórí òkìtì. Ohun tí gbogbo ìlú tìtorí rẹ̀ péjọ ti kọjá lọ.

Ohun tí ó fa àṣìṣe yìí nìyí. Ní ètò PAL tí a ń lò ní Nàìjíríà, àwòrán 25 ni ó ń kọjá nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá ń fi MPEG-2 fún fídíò pọ̀ kí ó lè gba inú díìsì, kì í ṣe gbogbo àwòrán ni a ń tọ́jú lódindi. A máa ń kó wọn sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Àwòrán àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́, tí a ń pè ní I-frame, nìkan ni ó dá dúró. Àwọn tí ó tẹ̀lé e kàn ń sọ ohun tí ó yí padà ni. Ọ̀wọ́ kan kò gbọdọ̀ ju àwòrán 15 lọ ní PAL, tàbí 18 ní NTSC tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ nìkan ni àmì orí lè wà. Nítorí náà, bí a bá dúró títí tí a fi fún fídíò pọ̀ tán kí a tó fi àmì sí i, ètò kọ̀ǹpútà yóò sún àmì náà síwájú tàbí sẹ́yìn dé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ tí ó sún mọ́ ọn.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Èkíní, ẹ fi àmì orí sí i nígbà tí ẹ ṣì ń to fídíò lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó fún un pọ̀. Ẹ fi í sí àwòrán àkọ́kọ́ gan-an nínú ìran tuntun. Bí ẹ bá fi sí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, ìran àtijọ́ yóò kọ́ mànà kí tuntun tó dé.

Èkejì, ẹ fi etí yín ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Níbi tí àwòrán kò ti gé, tí ó jẹ́ pé oríkì tàbí ìlù ni ó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àmì sí i ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú ohùn, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ má baà sọnù.

Ẹ̀kẹta, ẹ rí i pé ètò tí ń fún fídíò pọ̀ ń ka àmì yín, kí ó fi I-frame sí ojú àmì kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀wọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ má sì gbára lé èyí tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ òǹkà àkókò. Bí ètò ìtofídíò bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti wákàtí kan, tí ti díìsì bẹ̀rẹ̀ láti òdo, gbogbo àmì yóò ṣì. Ní NTSC, ọ̀nà ìkàkókò méjì ni ó wà. Ìyàtọ̀ wọn nínú wákàtí kan tó àwòrán 108, èyí tí ó ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kọ díìsì kan ṣoṣo ná, kí ẹ fi sínú ẹ̀rọ tí ó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì tẹ orí kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó ṣe ọ̀pọ̀.

Bí ẹ bá ti fún fídíò pọ̀ tán kí ẹ tó rí àṣìṣe, ẹ má fún èyí tí ẹ ti fún tẹ́lẹ̀ ní àfúntúnfún, nítorí àwòrán yóò máa bàjẹ́ sí i ni. Ẹ padà sí téèpù tàbí fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a pa ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, nítorí díìsì tí a fi kọ̀ǹpútà kọ náà ń bàjẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Lóde òní, fáìlì inú fóònù ti gba ipò DVD ní ọ̀pọ̀ ilé, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀lé: orí àwòrán odindi ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó mọ orúkọ ère kọ̀ọ̀kan àti oríkì rẹ̀ kò ní wà láéláé. Bí a bá jókòó tì í kí a tó to fídíò, tí a kọ orúkọ tí ó pè sí orí kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò rí ère, wọn yóò sì mọ ohun tí wọ́n ń wò.