Ohun Tí Wọ́n Gbọ́ Nínú Igbe Ìkókó

Ní Tchatchou, ní ìjọba ìbílẹ̀ Tchaourou ní orílẹ̀-èdè Benin, lójú títì tó ti Cotonou lọ sí Parakou, ó ti pẹ́ tí Ìbàrìbá, Nàgó àti Fúlàní ti jọ ń gbé. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń tẹ̀. Àmọ́ láyé àtijọ́, bí ìkókó bá ké nínú yàrá, ohun tí ará ilé kan gbọ́ lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ará ilé kejì gbọ́.

Lọ́dọ̀ Ìbàrìbá, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Baatombu, obìnrin tó níyì kì í ké bó bá ń rọbí, kì í sì í pe ẹnikẹ́ni. Carolyn Sargent, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí láàárín wọn ní àárín ọdún 1970 sí 1980, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1982 pé ojú akọni ni wọ́n fi ń wo ẹni tó bá dá nìkan bímọ láìpariwo. Ìyá á pa ẹnu mọ́, á fara da ìrora. Ó di ìgbà tí ọmọ bá ké kí ará ilé tó mọ̀ pé àlejò ti dé, kí àgbà obìnrin kan tó wọlé lọ gé ìwọ́.

Àdáwà yìí tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni ọmọ mú wáyé, tàbí ó dojú bolẹ̀, tàbí oṣù kẹjọ ni wọ́n bí i, tàbí eyín òkè ló kọ́kọ́ hù, wọ́n gbà pé àjẹ́ ni. Ìyá tó dá wà ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ sí bí ọmọ ṣe wá. Wọ́n pa àwọn kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé àwọn kan jù sínú igbó, wọ́n sì fa àwọn mìíràn lé Fúlàní lọ́wọ́. Àwọn tí Fúlàní wò dàgbà wà lára àwọn tí ìran Gando ti ọ̀dọ̀ wọn ṣẹ̀, pa pọ̀ mọ́ àwọn ẹrú àtijọ́. Títí di òní, wọ́n pọ̀ káàkiri Borgou, ẹkùn tí Tchatchou wà, èdè Fúlàní ni wọ́n sì ń sọ.

Díẹ̀ nínú àwọn àmì wọ̀nyí wà lọ́dọ̀ Nàgó àti Yorùbá yòókù, orúkọ ni wọ́n sì fi wọ́n sọ. Ẹni tó mú ẹsẹ̀ wáyé ń jẹ́ Ìgè. Ẹni tó dojú bolẹ̀ ń jẹ́ Àjàyí, bíi Samuel Ajayi Crowther ará Òṣoògùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ẹkún pàápàá ní orúkọ tirẹ̀. Ọmọ tó ń ké tọ̀sántòru láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni Òní. Ẹni tó tẹ̀lé e ni Ọ̀la, Ọ̀túnla sì tẹ̀lé Ọ̀la.

Kì í ṣe pé ọwọ́ Yorùbá mọ́ porogodo. Ìgbà kan wà tí wọn kì í dá ìbejì sí ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọ́n sì ń fi abẹ kọ òkú àbíkú lára kó má baà padà wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ìpinnu àgbà ló ń sọ àmì di orúkọ tàbí di ikú.

Kí wá ni ìkókó ń sọ gan-an? Ẹ wo ìyá àgbà tí wọ́n gbé ọmọ tó ń ké fún. Kò tíì la ẹnu tó ti ń wò ó. Ọmọ ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ti ki ìkúùkù bọ ẹnu, ẹkún rẹ̀ kúrú, ó ń dá a dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀: ebi ni. Bó bá han lójijì, tí igbe náà gùn títí tí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ gé, nǹkan ń dùn ún; ìyá àgbà á tú aṣọ, á wo ìdodo, á rọra fọwọ́ ba ikùn. Èyí tó ń ráhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó ń fọwọ́ ra ojú, oorun ló ń kùn ún. Ká pọ̀n ọ́n ló kù.

Ìwádìí ti fi kún ìmọ̀ ìyá àgbà. Ní 1962, dókítà ọmọdé T. Berry Brazelton tẹ ìwádìí tó ṣe lórí ọmọ 80 ní Amẹ́ríkà jáde: ẹkún ń pọ̀ sí i títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, tó fi ń sún mọ́ wákàtí 3 lójúmọ́, kó tó máa dín kù. Ara líle ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń sunkún. Ní 2016, Kathleen Wermke àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹkún ìkókó àwọn Nso ní Kamẹrúùnù wé ti ìkókó Jámánì. Èdè olóhùn bíi Yorùbá ni èdè Nso, ohùn ẹkún àwọn ọmọ wọn sì ń lọ sókè sódò ju ti Jámánì lọ. Láti inú ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ìyá wọn.

Òfin orílẹ̀-èdè Benin lórí ọmọdé, Òfin 2015-08 ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2015, ka pípa ọmọ tí wọ́n pè ní àjẹ́ sí ọ̀ràn. Ó tọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìkókó tó dojú bolẹ̀ wáyé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, igbe rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ọmọ yòókù: ó ti mí sínú, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n gbé òun.

Ẹ̀yin abiyamọ àti ẹ̀yin àgbà tó ń bójú tó wọn, ọmọ tó dákẹ́ ni kó máa já yín láyà. Bí ìkókó kò bá ké nígbà tí a bí i, ẹ nu ún gbẹ, ẹ fi aṣọ ra ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì ké sí agbẹ̀bí ilé ìwòsàn kíákíá. Bó bá sì ti ń ké tẹ́lẹ̀, tí ẹkún rẹ̀ wá rọ, tí kò fa ọmú mọ́, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé e lọ.