Láti Orí Pérégún dé Aláùsá: Sọ́fè Wo La Fi Ń Ra Ilẹ̀?

Ejẹ́ńtì ti fi fọ́tò ìwé kan ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp: àwòrán ilẹ̀, nọ́ńbà bíkọ̀n, òǹtẹ̀ wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Ó ní, "Sọ́fè wà, kò sí wàhálà." Kí ẹ tó sanwó ilé tàbí ilẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Láyé àtijọ́, pérégún ni sọ́fè wa. Tí olórí ẹbí bá fún èèyàn ní ilẹ̀, wọ́n á rin ààlà rẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, wọ́n á sì gbin pérégún sí i, torí igi yẹn kì í tètè kú. Iṣẹ́ méjì ni ìrìn yẹn ń ṣe pọ̀: ó ń fi ibi tí ilẹ̀ dé hàn, ó sì ń jẹ́ kí àdúgbò mọ ẹni tó ni ín.

Ní 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú kí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé wọn lọ́wọ́. Látìgbà náà ni ìwé ti ń gba ipò pérégún. Ìjọba ń pín ìwé ilẹ̀, wọ́n sì nílò àwọn tó máa wọn ilẹ̀. Herbert Macaulay, tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Plymouth, padà dé ní 1893, ó sì bá ìjọba ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ títí di 1898 kó tó dá dúró. Ní 1908, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ sílẹ̀, èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ lónìí.

Àmọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìwé gbà lọ́wọ́ pérégún. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Apápá. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, kò ní ju agbára ìdarí lórí ilẹ̀ náà lọ, owó díẹ̀ ló tọ́ sí i. Òun àti Macaulay wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921, Privy Council dájọ́ pé ìwé 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́, kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà bí ẹni ń san án fún olóhun. Ìjà yẹn kì í ṣe lórí ibi tí ilẹ̀ wà. Orí ẹni tó ni ín ni.

Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lórí ilẹ̀ kan ní Warri, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Sọ́fè lásán kò sí nínú wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni òfin fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. Ní July 1990, ìjọba wó Maroko, wọ́n ní ilẹ̀ ìjọba ni.

Sọ́fè wo wá ni kẹ́ ẹ gbà? Èyí tí ẹbí fi wọn gbogbo ilẹ̀ wọn pọ̀ kò tó; kò fi púlọ́ọ̀tì tiyín hàn. Fọ́tòkọ́pì tó ní orúkọ ẹlòmíì náà kò tó. Ẹ fi owó yín gba wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ní láísẹ́ńsì, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà. Kó dé orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, torí nọ́ńbà orí ìwé lè péye kó jẹ́ pé ilẹ̀ ẹlòmíì ló ń tọ́ka sí. Kó gbé nọ́ńbà tó bá rí lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, Aláùsá la ń lọ tó bá jẹ́ Èkó, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Tí wọ́n bá pè é ní "committed", ẹ tètè sá. Ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá rà á tán ló máa ya sọ́fè sórúkọ yín, tó sì máa fi red copy rẹ̀ sí ọ́fíìsì yẹn.

Ó ku iṣẹ́ kejì pérégún, èyí tí kò sí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó lè bá yín ṣe. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ wá olórí ẹbí àti àwọn àgbà ibẹ̀. Ilẹ̀ tí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí títà rẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kan ilẹ̀kùn ilé tó kángun sí i, kẹ́ ẹ bi onílé pé ọwọ́ ta lòun ti ra tòun.