Àríyànjiyàn lórí Ìjóná

Bí a bá ti iná bọ ìdì igi tí ènìyàn kan kò lè dá gbé, tí ó sì jó tán, eérú bí ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan ni a óò bá nílẹ̀. Níbo ni ìyókù gbà lọ? Ìdáhùn Georg Ernst Stahl, oníṣègùn ará Jámánì, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ Yúróòpù gbà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún: ó ní ohun kan tí ń jẹ́ phlogiston wà nínú gbogbo ohun tí ó lè jó, òun ni ó sì ń jáde bí iná bá ti ràn. Ẹni tí ó bá rí èéfín tí ń rú jáde lára igi kò ní rí ìdí láti jiyàn.

Òjé ni ó da ọ̀rọ̀ rú. Bí a bá yan òjé lórí iná títí tí ó fi di lúbúlúbú, ńṣe ni ìwọ̀n rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àwọn kan fèsì pé phlogiston a máa mú nǹkan fúyẹ́ ni, pé bí ó bá jáde, ohun tí ó kù gbọ́dọ̀ wúwo. Àlàyé tí ó bá dé irú ibi bẹ́ẹ̀ ti ń wá ibi sá pamọ́ sí.

Antoine Lavoisier ti ìlú Paris gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí òṣùwọ̀n. Ní 1772, ó rí i pé imí-ọjọ́ pàápàá a máa wúwo sí i bí ó bá jó. Ní 1774, Joseph Priestley, àlùfáà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi awò kó ìtànṣán oòrùn jọ sórí lúbúlúbú pupa tí a rí lára mákíúrì. Afẹ́fẹ́ kan jáde, àbẹ́là sì ń jó nínú rẹ̀ kíkankíkan. Carl Wilhelm Scheele ti Sweden ti rí i ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tirẹ̀ kò jáde títí di 1777. Priestley ròyìn tirẹ̀ fún Lavoisier nídìí oúnjẹ ní Paris ní ọdún 1774 kan náà. Priestley rò pé afẹ́fẹ́ tí kò ní phlogiston ni. Lavoisier rí i pé òun gan-an ni ó ń so mọ́ ohun tí ń jó. Ó sọ ọ́ ní ọ́síjìn. Igi kò sọnù, nígbà náà: kábọ̀n inú rẹ̀ ti bá ọ́síjìn lọ sínú afẹ́fẹ́, háídírójìn rẹ̀ sì ti di oruku omi. Alágbẹ̀dẹ tí ń fi ẹwìrì fẹ́ná ti mọ apá kan ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́.

Ooru wá ńkọ́? Lavoisier àti Laplace fi yìnyín yí ẹranko kékeré kan ká, wọ́n sì wọn omi tí ó yọ́. Wọ́n parí èrò sí pé ìjóná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mímí jẹ́. Ṣùgbọ́n Lavoisier náà ka ooru sí ohun kan tí ń ṣàn. Ìgbà tí James Joule ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ láàárín 1840 sí 1850 ni ó tó hàn gbangba pé agbára ni. Kí igi tó jó, a gbọ́dọ̀ ná agbára díẹ̀ láti tú ìsopọ̀ inú rẹ̀ àti ti ọ́síjìn, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣáná sí i. Ìsopọ̀ tuntun tí wọ́n ṣe ń tú agbára tí ó ju èyí tí a ná lọ sílẹ̀. Àlékún yìí ni ooru àti ìmọ́lẹ̀.

Priestley kò gbà títí ó fi kú ní Amẹ́ríkà ní 1804. Lavoisier kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ó wà lára àwọn agbowó-orí ọba, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, 1794, ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú bàbá ìyàwó rẹ̀. Marie-Anne, ìyàwó náà, tí ó ya àwòrán inú ìwé rẹ̀ ti 1789, ni ó kó àwọn ìwé rẹ̀ ìkẹyìn jọ, tí ó sì mú wọn jáde.