Kí Ni Ká Pe Ẹni Tó Dúró Ti Akẹ́kọ̀ọ́ Agbẹ̀bí?

Iṣẹ́ tí mo rò pé n ó parí lọ́sẹ̀ kan gbà mí lóṣù méjì. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ní kí n kọ ní Yorùbá, fún àwọn àgbà agbẹ̀bí tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ nínú yàrá ìrọbí. Ọ̀rọ̀ nípa ara aboyún kò yọ mí lẹ́nu. Ìrọbí, omi-ìra, ìwọ́, ilé-ọmọ, ibi ọmọ: àwọn ìyá wa ti ń sọ gbogbo rẹ̀ kí ọsibítù tó dé. Ọ̀rọ̀ ìkọ́ṣẹ́ gan-an ló dá mi dúró.

Àgbà agbẹ̀bí tí wọ́n bá fi akẹ́kọ̀ọ́ lé lọ́wọ́, mo kọ́kọ́ pè é ní alábòójútó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹni tó ń kọ́ wa ni àbí ẹni tó ń ṣọ́ wa?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Alábòójútó lè jókòó sí ọ́fíìsì, kó máa fi bírò sàmì sínú ìwé. Mo wá gbìyànjú ọ̀gá. Ìyẹn náà kò dára tó: ọ̀gá a máa rán ọmọṣẹ́ níṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ a sì fọ abọ́ àti àlùmọ́gàjí títí ilẹ̀ ó fi ṣú, láìfọwọ́ kan ikùn aboyún kankan. Mo bi ara mi pé kí ni agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ń ṣe fún ẹni tó ń rọbí. Ó ń dúró tì í. Bí mo ṣe rí adúrótini nìyẹn. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà lára ikùn, ọwọ́ adúrótini wà lórí tirẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ rọra síbi tí orí ọmọ wà. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, kì í ṣe adúrótini mọ́.

Ó ku àtẹ ìrọbí, ìwé tí agbẹ̀bí fi ń tọpa bí ìrọbí ṣe ń lọ. Ní 1972, Philpott àti Castle, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbi tó ń jẹ́ Zimbabwe lónìí, fa ìlà méjì sórí rẹ̀. Àkọ́kọ́ ń gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 1 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe gbà nígbà náà pé ó yẹ kí ẹnu ilé-ọmọ máa ṣí. Èkejì fi wákàtí 4 jìnnà sí i. Ìlà ìkìlọ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ fún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń kìlọ̀ fúnni, inú ẹni ni ìfura ti ń wá. Ìlà ìfura ló jẹ́. Èkejì, ìlà ìgbésẹ̀, kò gba àríyànjiyàn. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àtẹ tuntun jáde ní 2020, wọ́n yọ ìlà méjèèjì, wọ́n sì fi òpó kan rọ́pò, tó ń sọ ohun tó yẹ ká fura sí. Ọ̀rọ̀ mi kò ṣòfò.

Ẹnìkan ní kí n pe bèbí oníke tí wọ́n fi ń dánra wò ní ère. N kò gbà. Ère là ń wò. Ọmọláńgidi là ń gbé, òun là ń pọ̀n. Òun la fi ń kọ́ pé láàárín ìṣẹ́jú 1 tí a bí ọmọ, ó yẹ kó ti mí, tàbí kí a ti máa fi báàgì àti ìbomú fẹ́ atẹ́gùn sí i. Òyìnbó so ìṣẹ́jú náà mọ́ wúrà. Létí tèmi, wúrà ń rán mi lọ sí òde ìgbéyàwó. Ìṣẹ́jú èémí ni mo kọ.

Ọ̀kan ṣì kù. Bí ìbí bá yọrí sí ayọ̀, a ó kí ìyá kú ewu ọmọ. Bí ọmọ bá kú ńkọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́jẹ̀? Ó yẹ kí adúrótini mú un jókòó, kí wọ́n jọ sọ ohun tójú wọn rí. Ẹ̀yin agbẹ̀bí tó ń ka èyí, kí lẹ ń pe ìjókòó yẹn ní wọ́ọ̀dù yín? Ẹ sọ ọ́ fún mi, àyè rẹ̀ ṣì ṣófo nínú ìwé náà.