Híhanrun àti èémí tó ń dúró lójú oorun: bó ṣe ń dí ìfọkànsí lọ́wọ́ lójú ọ̀sán

Tí ẹnì kan bá ń hanrun kíkankíkan, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé oorun àsùnwọra ló ń sùn. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ o. Nígbà míì, ẹni yẹn ò sùn dáadáa rárá, á sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ tílẹ̀ bá mọ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lóru?

Sleep apnoea ni àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí. Bí èèyàn bá sùn, iṣan ọ̀fun máa ń dẹ̀. Lára àwọn kan, ọ̀nà èémí á pa dé fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á sì ta ẹni náà jí díẹ̀ kó lè mí. Ẹ máa gbọ́ tó máa mí gúlegúle bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, híhanrun á tún bẹ̀rẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, kì í sábà rántí. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan, ó ti le gan-an nìyẹn.

Báwo ló ṣe kan ìfọkànsí?

Nítorí pé oorun ń já léraléra, wákàtí 8 lórí bẹ́ẹ̀dì ò ní tó. Ẹni náà lè ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta kó má yé e. Á gbàgbé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, inú á sì máa tètè bí i.

Ìdí ọkọ̀ ló ti léwu jù. Tí awakọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan bá tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá 3 péré, ọkọ̀ á ti rin nǹkan bíi mítà 83. Obì àti kọfí lè lajú èèyàn fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ wọn ò lè ṣí ọ̀fun tó ń pa dé.

Ti ọmọdé yàtọ̀ díẹ̀. Dípò kó máa tòògbé, ó lè máa ta kìtì kiri, kó má lè jókòó kàwé. Kí ẹ tó pè é ní olórí kunkun, ẹ fetí sí bó ṣe ń mí lóru. Ẹran tó wú lẹ́yìn ọ̀fun tàbí lẹ́yìn imú ló sábà máa ń fà á.

Ta ló lè ní in?

Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó sanra, àwọn tí ọrùn wọn ki, àti àwọn tó ń mutí kí wọ́n tó sùn. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró náà wà nínú ewu. Ẹni tó tín-ín-rín pàápàá lè ní in.

Kí lẹ lè ṣe?

• Ẹ ní kí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀ lóru, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún dókítà.
• Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn, ẹ má fi ẹ̀yìn lélẹ̀.
• Ẹ dín sísanra kù, ẹ yàgò fún ọtí alẹ́ àti oògùn oorun tí dókítà ò kọ fún yín.
• Tó bá le, dókítà lè ní kẹ́ ẹ máa fi CPAP sùn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú kí ọ̀fun má baà pa dé ni. Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà ló gbé e jáde lọ́dún 1981.
• Fún ọmọdé, iṣẹ́ abẹ láti yọ ẹran tó wú náà máa ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Àìsàn yìí àti ẹ̀jẹ̀ ríru jọ máa ń rìn pọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìfúnpá yín pẹ̀lú. Tí oorun bá ti ń kùn yín nídìí ọkọ̀, ẹ dúró ná, ẹ lọ rí dókítà.