Ọrẹ Àtinúwá: Ẹ̀kọ́ Kan fún Àwa Ọmọ Ìwó



Ẹni tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ Yunifásítì Bowen kọjá ní ìlú wa, tí ó sì gbọ́ pé orúkọ Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà tí ó gúnlẹ̀ sí Badagry ní ọdún 1850, ni a fi pè é, lè rò pé àwọn Òyìnbó ni ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Nàìjíríà ni ó dá a sílẹ̀, lórí ilẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi tí ó ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tẹ́lẹ̀ rí. Ní 2001 ni ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ. Ní 2002 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé. Ó tọ́ kí a wo bí àwọn ìjọ ilẹ̀ wa ti ṣe kọ́ láti fi ọwọ́ ara wọn gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Ìwé Mímọ́ kò fi ọ̀rọ̀ ọrẹ pamọ́. Nígbà tí Mose fẹ́ kọ́ àgọ́ Olúwa ní aginjù, àwọn tí ọkàn wọn fẹ́ ni ó ké sí. Wọ́n mú nǹkan wá títí ó fi pọ̀ ju ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́, tí a fi ní láti kéde pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Jésù jókòó níwájú àpótí ìṣúra, ó rí àwọn ọlọ́rọ̀ tí wọ́n ń sọ owó púpọ̀ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n opó tí ó sọ owó wẹ́wẹ́ méjì péré ni ó yìn, nítorí pé gbogbo ohun tí ó ní ni. Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú, nígbà tí ó ń gba owó jọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, fi àwọn ará Makedóníà tí wọ́n tòṣì ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ará Kọ́ríńtì. Kò pàṣẹ fún wọn. Ó ní kí olúkúlùkù mú èyí tí ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ wá, láìsí ìkùnsínú, láìsí ipá.

Ní Èkó ni a ti dán ẹ̀kọ́ yìí wò lára àwọn Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni owó iṣẹ́ náà ti ń wá. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, láti 1861 sí 1865, owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, iṣẹ́ sì rẹ̀yìn. Ní 1875 ni àwọn míṣọ́nnárì tún padà wá. Ní 1888, aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín míṣọ́nnárì W. J. David àti ìjọ, nígbà tí ó yọ Olùṣọ́-àgùntàn Moses Ladejo Stone níṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ jáde, wọ́n fi ilé ìsìn sílẹ̀, wọ́n sì dá Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Ọmọ Ìbílẹ̀ sílẹ̀. D. B. Vincent, tí ó padà jẹ́ Mojola Agbebi, wà lára àwọn aṣáájú wọn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí àpò kan lókè òkun tí yóò máa gbọ́ bùkátà wọn. Kò sì sí ẹni tí ó lè fi ipá gba owó lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹsẹ̀ tí ó gbé wọn jáde lè gbé wọn padà. Síbẹ̀ ìjọ náà dúró. Ní 1914, ọ̀tún àti òsì pàdé ní Ìbàdàn, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi Yorùbá sílẹ̀, wọ́n sì fi Agbebi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ yìí ni ó dàgbà di Àpapọ̀ tí ó ni Yunifásítì tí ó wà ní Ìwó lónìí. A kò sọ pé àwọn Òyìnbó kò ṣe nǹkan. Owó wọn àti ẹ̀mí àwọn mìíràn nínú wọn bá iṣẹ́ náà lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé àlejò lè bá ni dá iná, ṣùgbọ́n onílé ni í máa ko igi sí i.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti Kristẹni nìkan. Àwọn ará wa Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní ìlú wa, mọ ìyàtọ̀ láàárín sàká tí a pa láṣẹ àti sàráà tí ó ti inú wá. Owó tí ẹgbẹ́ bù fún wa, gbèsè ni. Ẹ jẹ́ kí a san án. Èyí tí ó bá kọjá gbèsè ni ọrẹ. Bí a bá ń pariwo orúkọ ẹni tí ó mú owó ńlá wá, tí a sì ń fi ojú tín-ín-rín wo ìyá aláta tí ó mú ìwọ̀nba tirẹ̀ wá, a óò rí owó lọ́dún yìí, a óò sì pàdánù ènìyàn lọ́dún tí ń bọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi í sọ àyà, kì í ṣe ọwọ́ ọlọ́rọ̀ nìkan.

Kí Ọlọ́run bù sí àpò gbogbo wa. Kí Ìwó máa tẹ̀ síwájú.